Bí o ṣe máa yan ìbòjú tó bá gáùn ìgbéyàwó rẹ mu

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yìn ìyàwó ni àwọn èèyàn ń wò jù. Bí o bá ti kọjá lára wọn tán, tí o dé iwájú pẹpẹ, o ti kọ ẹ̀yìn sí wọn nìyẹn, láti orin àkọ́kọ́ títí di ìgbà tí ẹ máa lọ buwọ́ lùwé. Ohun tó sì wà lẹ́yìn rẹ ní gbogbo àkókò yẹn ni ìbòjú, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní fẹ́ẹ̀lì. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń bẹ àwọn ìyàwó tí mo ń bá múra pé kí wọ́n má fi í ṣe nǹkan tí wọ́n á sáré lọ rà ní ọjà Balógun nígbà tó bá ku ọjọ́ mẹ́ta. Bí mo ṣe ń tọ́ wọn sọ́nà náà ni mo kọ síbí. Ìbòjú aṣọ funfun ni mo ń sọ ní pàtàkì, ṣùgbọ́n mo máa dé ọ̀dọ̀ ìyàwó ìdána àti ìyàwó yìgì kí n tó parí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ra gáùn ná, kí o wo ẹ̀yìn rẹ̀

Má ra ìbòjú kí o tó ra gáùn. Ó rọrùn láti wá ìbòjú fún gáùn. Láti wá gáùn fún ìbòjú ló nira. Bí gáùn bá ti dọ́wọ́ rẹ, gbé e kọ́ sára ìlẹ̀kùn, kí o kọ ẹ̀yìn rẹ̀ síta. Níbo ni iṣẹ́ pọ̀ sí? Ṣé bọ́tìnnì kéékèèké ló tò láti ọrùn dé ìbàdí? Ṣé léèsì tí ara máa hàn nínú rẹ̀ ni? Ṣé ó ní okùn tí wọ́n ń fà pọ̀? Àbí ẹ̀yìn náà kò ní nǹkan kan lára? Ohun tí o bá rí níbẹ̀ ló máa darí gbogbo ìyókù.

Ìyàwó kan wà tí mo bá múra ní Ìbàdàn. Ẹ̀yìn gáùn rẹ̀ nìkan gba télọ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ń fi ọwọ́ to ìlẹ̀kẹ̀ funfun sí i ní ìlà ìlà bí imọ̀ ọ̀pẹ. Màmá ìyàwó sì ti ra ìbòjú wá láti Èkó, onípele méjì, tó nípọn, tó parí síbi ìbàdí gẹ́lẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, a gbé e lé ọmọ lórí, gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ yẹn sì wọlé lọ. Ó yí ẹ̀yìn sí dígí, ó bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Àǹtí, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe sí i dà?" Mo wo màmá, màmá wò mí. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n yọ ìpele kan kúrò." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Ó dáa, yọ ọ́, ṣùgbọ́n má fà á ya o." Mo fi abẹ tú òwú tó so ìpele òkè mọ́ kóòmù, mo sì rọra fà á yọ. Bó ṣe kúrò ni ìlẹ̀kẹ̀ tún yọ jáde, bí ìgbà tí ọyẹ́ bá ká kúrò lójú òkè láàárọ̀. Ìpele kan tó kù kò dí ohunkóhun. Màmá fúnra wọn ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Ẹ̀yìn gáùn tó ní iṣẹ́ lára ń fẹ́ ìbòjú onípele kan, tí wọn kò ṣẹ́ papọ̀ púpọ̀ lórí. Gáùn tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo lè gba onípele méjì láìní ìyọnu.

Ìgbésẹ̀ kejì: bí ọ̀kan bá ń sọ̀rọ̀, kí èkejì dákẹ́

Bí gáùn rẹ bá ti kún fún léèsì, òkúta àti ìlẹ̀kẹ̀, nẹ́ẹ̀tì lásán tí wọ́n kàn gé létí ni kí o fi lé e. Bí gáùn bá jẹ́ sátínì tí kò ní nǹkan kan lára, ìgbà yẹn ni kí o náwó sórí ìbòjú.

Àpẹẹrẹ tó dára jù tí mo mọ̀ ni ti Meghan Markle, nígbà tó fẹ́ Ọmọọba Harry ní Windsor lọ́jọ́ 19 oṣù Karùn-ún ọdún 2018. Gáùn tí Clare Waight Keller ti ilé aránṣọ Givenchy ṣe fún un kò ní léèsì, kò ní ìlẹ̀kẹ̀. Ìbòjú ló gba gbogbo iṣẹ́: nẹ́ẹ̀tì ṣẹ́dà tó gùn ní mítà 5, tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ ya òdòdó orílẹ̀-èdè Commonwealth 53 sí etí rẹ̀. Òdòdó tiwa, Costus spectabilis, èyí tí wọ́n yà sábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn ẹṣin nínú àmì orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, wà lára wọn. Ní ìṣẹ́jú 30-30 ni àwọn tó ń rán an ń fọ ọwọ́ kí òwú má baà yí àwọ̀. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, torí ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nídìí búrẹ́dì àti bọ́tà kò gbọdọ̀ kan ìbòjú ẹnikẹ́ni.

Bí o bá fẹ́ léèsì létí ìbòjú, sọ fún télọ̀ kí ó tó gé aṣọ pé kí ó tọ́jú àgékù léèsì gáùn fún ọ. Èyí tí o bá lọ rà lọ́tọ̀ lè jọ ọ́ lójú nínú ọjà, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, òdòdó méjèèjì á máa bá ara wọn jà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: mọ ibi tí ìbòjú máa parí sí

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe, nítorí náà mo máa dúró níbẹ̀ díẹ̀.

Láti ibi tí kóòmù máa wà lórí ni a ti ń wọn ìbòjú. Èyí tó bá jẹ́ ínṣì 20 sí 25 máa ń dé èjìká tàbí kó kọjá rẹ̀ díẹ̀. Ínṣì 30 máa ń dé ìgbúnwọ́. Nǹkan bí 40 máa ń dé ibi tí orí ìka ọwọ́ bá ara dé nígbà tí o bá na ọwọ́ sísàlẹ̀. Ínṣì 60 máa ń kọjá orókùn, 72 máa ń kan ilẹ̀, 90 máa ń wọ́ tẹ̀lé ọ, 108 sì ni èyí tó gùn gbọọrọ tí àwọn ọmọdé máa ń gbé dání lẹ́yìn ìyàwó. Ìwọ̀n ọjà ni gbogbo èyí o. Ẹni tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ẹni tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6 kò lè ra ínṣì 72 kí ó rí bákan náà lára wọn. Wọ bàtà tí o máa wọ lọ́jọ́ náà, kí ẹnì kan fi tépù wọ̀n ọ́ láti ibi kóòmù gba ẹ̀yìn wá sísàlẹ̀. Nọ́ńbà tó bá rí ni kí o gbé lọ sọ́jà.

Kí o tó náwó ńlá, ra yáàdì nẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú mẹ́ta. Fi rọ́bà irun di orí rẹ̀ kan, fi píìnì dè é mọ́ irun, wọ gáùn, kí o ní kí ọ̀rẹ́ rẹ ya fọ́tò ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́. Ká a sókè dé ìgbúnwọ́, yà á. Tú u sílẹ̀ dé ìka, yà á. Tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, yà á. Fọ́tò kì í ṣojúsàájú. Ìyàwó tó ti fi ọdún kan pariwo pé gbọọrọ lòun fẹ́ lè rí i nínú fọ́tò pé èyí tó dé ìka ọwọ́ ló mú òun rẹwà jù.

Nígbà tí o bá ń wo fọ́tò, wo ibi tí etí ìbòjú já sí, nítorí ibẹ̀ ni ojú máa ń dúró. Kò gbọdọ̀ já síbi tí ìdí ti fẹ̀ jù, àyàfi bí ibẹ̀ gan-an ni o fẹ́ kí wọ́n wò. Bí gáùn bá ní ìrù, kí ìbòjú tán kí ìrù tó bẹ̀rẹ̀, tàbí kí ó kọjá ìrù pátápátá ní nǹkan bí ínṣì 6 sí 12. Èyí tó bá parí sáàárín ìrù á dà bí ẹni pé aṣọ kò tó. Ẹni tí kò ga púpọ̀, kí ó yẹra fún onípele méjì tó dúró síbi ìbàdí, torí ó máa ń gé èèyàn sí méjì. Ìpele kan ṣoṣo tó wálẹ̀ tààrà ni yóò mú un ga.

Wo ṣọ́ọ̀ṣì náà pẹ̀lú. Bí ọ̀nà àárín àga bá há, tí ilẹ̀ sì jẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tó ti gbó, ínṣì 108 á máa há sẹ́sẹ̀ àga ní gbogbo ọ̀nà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: wo bí gáùn ṣe rí

Gáùn tó fẹ̀ nísàlẹ̀ bí agboòrùn kì í fẹ́ ìbòjú tó fẹ̀ bíi tirẹ̀. Èyí tó dé ìgbúnwọ́ dára fún un, torí á parí kí gáùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀. Èyí tó gùn gbọọrọ tí kò ní ìṣẹ́po púpọ̀ náà dára. Gáùn tó fún mọ́ ara títí dé orókùn, tó wá tú sílẹ̀ bí ìrù ẹja, máa ń fẹ́ kí ìrísí ara hàn: fi nẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó dé ilẹ̀, má fi ohun tó nípọn dí ìbàdí tí télọ̀ ti làágùn lé lórí. Gáùn tó ń fẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ìbàdí kì í yọni lẹ́nu, ó máa ń gba ohunkóhun. Gáùn kúkúrú, irú èyí tí wọ́n ń wọ̀ lọ sí kóòtù, ń fẹ́ ìbòjú kékeré tó dé èjìká, tàbí nẹ́ẹ̀tì olójú ńlá tó bo ojú dé imú nìkan.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: funfun ju ẹyọ kan lọ

Mú àgékù aṣọ gáùn dání lọ sọ́jà. Má gbẹ́kẹ̀ lé orí, orí kì í rántí àwọ̀. Funfun tó mọ́ báláú wà, funfun tó dà bí wàrà wà, èyí tó sì pọ́n díẹ̀ bí omi tíì onímílíìkì wà. Jáde sí gbangba, gbé nẹ́ẹ̀tì lé orí àgékù náà nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn, torí iná ṣọ́ọ̀bù máa ń tanni. Ìpele kan ni kí o gbé lé e bó bá jẹ́ pé ìpele kan lo máa lò. Nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ká jọ máa ń dúdú ju èyí tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ lọ. Bí o kò bá rí èyí tó bá a mu gẹ́lẹ́, mú èyí tí àwọ̀ rẹ̀ rọ̀ díẹ̀ ju ti gáùn lọ. Funfun báláú lórí gáùn aláwọ̀ wàrà máa ń mú kí gáùn dà bí èyí tó ti pẹ́ nínú àpótí.

Lára àwa aláwọ̀ dúdú, mo fẹ́ràn àwọ̀ wàrà jù. Nẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà á gba àwọ̀ ara wọlé, á wá dùn ún wò. Funfun báláú tó jẹ́ náílọ́ọ̀nù máa ń ṣe bí aró lábẹ́ iná gbọ̀ngàn.

Ọwọ́ ni kí o fi yan nẹ́ẹ̀tì. Fún un mọ́ àtẹ́lẹwọ́, kí o tú u sílẹ̀: èyí tó bá là pátá bíi kànrìnkàn kì í wálẹ̀ lára, á máa rú sókè lórí rẹ bí àgọ́. Èyí tó bá ṣàn padà bí omi ni kí o rà. Béèrè ìbú rẹ̀ pẹ̀lú. Ínṣì 54 tó fún ìbòjú tó rọra wálẹ̀. Ínṣì 108 ni fún ẹni tó fẹ́ kó kún.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: irun ló máa gbé e dúró

Kóòmù kò lè há sínú afẹ́fẹ́. Ohun tó ń já ìbòjú sílẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ ìyàwó ni pé kò sí ibi tí eyín kóòmù máa di mú. Bí o bá máa wọ wíìgì, jẹ́ kí onídìrí kọ́kọ́ di irun rẹ mọ́lẹ̀, kí ó rán wíìgì náà mọ́ ìdì náà lókè, níbi tí kóòmù máa wọlé sí. Bó bá jẹ́ irun ara rẹ ni, ṣùkú kékeré tí wọ́n ká pọ̀ lẹ́yìn orí ni ìbùjókòó tó dára jù fún ìbòjú. Ti kóòmù bọ̀ ọ́ lábẹ́ ṣùkú bí o bá fẹ́ kí irun hàn, tàbí lókè rẹ̀ bí o bá fẹ́ kí ìbòjú ga. Èyí tó wà lókè máa ń mú ojú rọ́bọ́tọ́ gùn. Èyí tó wà nísàlẹ̀ máa ń tu ojú gígùn lára.

Ẹni tó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀ kò níláti ra wíìgì torí ìbòjú. Ní kí wọ́n rán nẹ́ẹ̀tì mọ́ ìgbàrí tàbí adé tó mú orí dáadáa, kí wọ́n fi rọ́bà tó dúdú bí irun gba ẹ̀yìn orí. Mo ti rí i lára ẹni tó gé irun mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọrùn rẹ̀ àti yẹtí rẹ̀ hàn kedere, kò sí ẹni tí kò yíjú wò ó.

Bí kóòmù bá ti wọlé, fi píìnì irun méjì há a ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n gba orí ara wọn kọjá. Lẹ́yìn náà mi orí, tẹríba, kí o rìn yí ilé ká. Bó bá mì, ó máa já.

Ìgbésẹ̀ keje: ṣé o máa bo ojú?

Kò pọn dandan. Nígbà tí Grace Kelly, òṣèré fíìmù ará Amẹ́ríkà, ń ṣègbéyàwó ní Monaco ní oṣù Kẹrin ọdún 1956, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ìbòjú rẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè hàn. Bí ó bá wù ọ́ kí ọkọ ṣí ọ lójú, apá iwájú gbọ́dọ̀ kọjá àgbọ̀n, kí ó dé àyà. Nǹkan bí ínṣì 30 ló sábà máa ń tó. Fi kọ́ ọkọ rẹ nílé: kí ó fi ọwọ́ méjèèjì mú etí rẹ̀ nísàlẹ̀, kí ó gbé e sókè, kí ó rọra dà á sẹ́yìn kọjá kóòmù. Bó bá fi ọwọ́ kan fà á, yẹtí ló máa bá a lọ.

Béèrè ìlànà ìjọ yín nígbà tí ẹ bá ń gba ẹ̀kọ́ ìgbéyàwó. Àwọn ìjọ kan kì í gba èjìká tó ṣí sílẹ̀, àwọn mìíràn kì í gba kí orí ìyàwó ṣófo. Má rò pé nẹ́ẹ̀tì máa bo èjìká fún ọ, ó ń hàn kedere. Ní kí télọ̀ rán ẹ̀wù kékeré léèsì tí o lè bọ́ lẹ́yìn ìsìn.

Ti ìdána yàtọ̀. Níbẹ̀, wọ́n á bo ìyàwó wọlé pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, alága á kọrin, wọ́n á tó ṣí i lójú. Gèlè ti mú orí ga, nítorí náà fi nǹkan bí ínṣì 12 kún gígùn tí o bá rò, kí ó lè bo gèlè kí ó sì tún dé àyà. Jẹ́ kí àwọ̀ rẹ̀ bá ọ̀kan lára àwọ̀ aṣọ òkè rẹ mu. Má sì fi píìnì kàn án mọ́ gèlè rárá, torí bí wọ́n bá ń ṣí i, gèlè á yẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa rí àyè tún un wé.

Fún ìyàwó yìgì, fìlà abẹ́ híjáàbù ni kí ìbòjú dì mọ́, kì í ṣe kóòmù. Lo píìnì olórí rìbìtì mẹ́ta, ọ̀kan láàárín orí, ọ̀kan lókè etí kọ̀ọ̀kan. Híjáàbù tó ń dán máa ń yọ̀, nítorí náà mú aṣọ tó lè di píìnì mú.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, àti ọjọ́ náà gan-an

Fi áyọ́ọ̀nù lọ ìbòjú lálẹ́, má dúró de àárọ̀, a kò mọ ìgbà tí iná máa lọ. Náílọ́ọ̀nù máa ń yọ́ mọ́ áyọ́ọ̀nù gbígbóná. Tẹ́ aṣọ òwú funfun lé e, fi iná tó kéré jù lọ̀ ọ́, kí o kọ́kọ́ dán an wò ní kọ̀rọ̀ kan. Bí ẹ̀rù bá ń bà ọ́, gbé e kọ́ sí ilé ìwẹ̀, kí o gbé omi gbígbóná garawa kan sísàlẹ̀ rẹ̀, kí o ti ilẹ̀kùn. Ìwúnjọ á tú fúnra rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, nẹ́ẹ̀tì máa ń lẹ̀ mọ́ ara àti ojú; rọra fa háńgà onírin kọjá lára rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, á jáwọ́.

Ìbòjú ló máa kẹ́yìn: lẹ́yìn atíkè, lẹ́yìn yẹtí, lẹ́yìn ẹ̀gbà ọrùn. Fi í lé ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo lọ́wọ́, ẹni tó máa gbé e wọ ọkọ̀, tó máa rí i pé ilẹ̀kùn ọkọ̀ kò há a, tó máa tẹ́ ẹ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Kí ẹni náà lọ wo fáànù tó wà nítòsí pẹpẹ kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Fáànù onídùúró kan ṣoṣo lè da ìbòjú ínṣì 90 bo ojú oníwàásù. Kí ó bẹ àwọn tó ń tọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì pé kí wọ́n yí i síbòmíì. Mo tún máa ń rán ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké mélòó kan mọ́ igun méjèèjì nísàlẹ̀, kí ó lè wúwo díẹ̀.

Ẹ ya fọ́tò tí ẹ máa yà tán kí ẹ tó wọ gbọ̀ngàn, kí o wá bọ́ ọ. Bí ìlù bá dún, tí èrò yí ọ ká, bàtà ẹlòmíràn ló máa tẹ̀ ẹ́, orí rẹ ló sì máa fà.

Lọ́jọ́ kejì, gbọ̀n ọ́n kí atíkè tó wà lára rẹ̀ dà nù. Ọbabìnrin Victoria tọ́jú ìbòjú léèsì tó fi ṣègbéyàwó ní ọdún 1840 títí tó fi wàjà ní 1901, òun ni wọ́n sì fi bò ó lójú nígbà tí wọ́n ń tẹ́ ẹ sínú pósí. Tìrẹ náà lè pẹ́. Má ṣẹ́ ẹ po, torí ibi tí o bá ṣẹ́ ni yóò kọ́kọ́ ya. Wá páálí rọ́bọ́tọ́ gígùn tí àwọn aláṣọ máa ń ká léèsì lé, fi aṣọ òwú funfun wé e, ká ìbòjú lé e lórí, kí o tì í bọ inú àpò ìrọ̀rí. Má dì í sínú àpò náílọ́ọ̀nù, ooru á mú kó pọ́n.